Àdúrà Gbẹ Lẹ́nu Mi Nílẹ̀ Àjèjì: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Yín Lórí Ìrìn-àjò Míṣọ́n

Lẹ́tà mẹ́fà la mú lóṣù yìí. Àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ Olúwa nílẹ̀ òkèèrè, tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ dé, ló kọ wọ́n. A ti gé wọn kúrú, a sì ti yọ orúkọ àti ibi tí wọ́n wà kúrò.

ỌJỌ́ KẸFÀ RÈÉ, ỌWỌ́ MI Ò BA ÀDÚRÀ MỌ́

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹgbẹ́ wa máa lò níbí. A ń tọ́jú ojú àti eyín lọ́sàn-án, a sì ń wàásù nírọ̀lẹ́. Nígbà tí mo ń múra ìrìn-àjò yìí, iná àdúrà ń jó lọ́kàn mi. Ní báyìí, bí mo bá kúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í wá. Oorun mi ò já geere, àlá burúkú ń dààmú mi, omijé sì ń bọ́ lójú mi láìnídìí. Àbí Ọlọ́run kọ́ ló rán mi ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì dá ara yín lẹ́jọ́. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àìsùn náà kì í jẹ́ kí àdúrà gún. Ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe tọ́jú Èlíjà nínú Àwọn Ọba Kìn-ín-ní orí 19. Wòlíì náà jókòó sábẹ́ igi júnípérì, ó ní kí Olúwa gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì tó wá bá a kò bá a wí, kò sì ka ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn. Ó fọwọ́ kàn án, ó ní kó dìde kó jẹun. Èlíjà jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì padà wá, oúnjẹ náà ló tún ní kó jẹ. Oorun méjì àti oúnjẹ méjì ló ṣáájú ìrìn ogójì ọjọ́ lọ sí Hórébù, Hórébù sì ni ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ náà ti wá. Nítorí náà, ara yín la máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Oògùn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo orúkọ tó wà lára páálí oògùn tí ẹ ń lò láti dènà ibà. Bó bá jẹ́ mefloquine, èyí tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ pe dókítà lónìí. Àlá burúkú, àìróorunsùn, ìpayà àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn jẹ́ ohun tí a mọ̀ mọ oògùn náà. Ní 2013, àjọ tó ń ṣàmójútó oògùn ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n fi ìkìlọ̀ tó lágbára jù lọ sára páálí rẹ̀ nítorí ohun tó lè ṣe sí ọpọlọ. Ẹ má kàn dá a dúró kí ẹ wá wà láìní ààbò, torí ibà lè pani. Kí dókítà yí i padà sí irú mìíràn bíi doxycycline tàbí atovaquone-proguanil, tí à ń lò lójoojúmọ́. Ó dùn wá pé àwọn onígbàgbọ́ kan máa ń kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ pé ọkàn wọn wúwo, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń gbé mì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, oorun. Bí aago ibi tí ẹ wà bá fi wákàtí mẹ́fà yàtọ̀ sí ti ilé, ó máa gba ara yín tó ọjọ́ mẹ́fà kó tó bá a mu, nítorí nǹkan bíi wákàtí kan lójúmọ́ ni ara ń sún. Ìrìn-àjò tó kọjú sí ìlà-oòrùn ló máa ń nira jù. Ẹ jáde sínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ láàárọ̀, ẹ má mu kọfí lẹ́yìn ọ̀sán, bí ẹ bá sì fẹ́ rẹjú lọ́sàn-án, kó má kọjá 30 ìṣẹ́jú. Kí ẹni tó ń ṣètò ẹgbẹ́ yín yọ ìpàdé àṣálẹ́ kan kúrò. Bó bá kọ̀, ẹ ka Máàkù 6:31 fún un, níbi tí Jésù ti ní kí àwọn àpọ́sítélì wá sí apá kan kí wọ́n sinmi díẹ̀, nítorí wọn kò ráyè jẹun pàápàá.

Omi wá kù. Bí ìtọ̀ yín bá pọ́n rúsúrúsú, omi ara yín ti dín nìyẹn, orí á máa fọ́, ọkàn á sì rẹ̀wẹ̀sì. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá wà níbẹ̀, ẹ po omi oníyọ̀ àti ṣúgà: lítà kan omi tó mọ́, ṣíbí ìpo-tíì ṣúgà 6 tí a gé orí rẹ̀ dọ́gba, àti ìdajì ṣíbí kan náà fún iyọ̀. Ẹ má fojú díwọ̀n iyọ̀ o. Bó bá pọ̀ jù, ewu ló ń fà. Omi tí ẹ bá fẹ́ sè mu gbọ́dọ̀ hó fún ìṣẹ́jú kan, tàbí ìṣẹ́jú mẹ́ta bí ibi tí ẹ wà bá ga ju 2,000 mítà lọ.

Ní ti àdúrà fúnra rẹ̀, ẹ dín in kù fún ọjọ́ mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ dín in kù. Ẹ yan ìṣẹ́jú 15 ní àkókò kan náà láràárọ̀. Ẹ ka Sáàmù kan sókè, kí etí yín gbọ́ ọ: 42 lọ́jọ́ kìn-ín-ní, 63 lọ́jọ́ kejì, 121 lọ́jọ́ kẹta. Nínú Sáàmù 42, ẹ̀ẹ̀mejì ni onísáàmù bi ọkàn ara rẹ̀ léèrè ìdí tó fi rẹ̀wẹ̀sì, ọkàn náà kò sì fún un lésì. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìlà mẹ́ta sílẹ̀: ohun kan tí ẹ rí lánàá, ohun kan tó dùn yín, orúkọ ẹnì kan tí ẹ bá pàdé. Ẹ gba Àdúrà Olúwa, kí ẹ sì dìde. Ẹni tó rẹ̀ kì í lè hun ọ̀rọ̀ tuntun, ṣùgbọ́n ó lè gun orí ọ̀rọ̀ tí àwọn mìíràn ti gbà ṣáájú rẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni pé èèyàn á ní ogun ẹ̀mí ni, á wá gbé ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta lé ara tí kò sùn tí kò sì mu omi. Ọjọ́ kejì ló máa ṣubú. Ẹ sún ààwẹ̀ síwájú di ìgbà tí ẹ bá ti sùn dáadáa fún òru mẹ́ta léraléra. Ìbéèrè nípa ẹni tó rán yín, ẹ má dáhùn rẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ dáhùn rẹ̀ níwájú olùṣọ́-àgùntàn yín nígbà tí ara bá ti balẹ̀.

OṢÙ MÉJE, KÒ SẸ́NI TÓ GBÀ JÉSÙ

Ìbéèrè: Ẹ ǹlẹ́ o. Ìjọ tó rán èmi àti aya mi ń béèrè iye ọkàn tó ti yípadà. Òdo ni. Ojú ń tì wá láti kọ ìròyìn oṣù, ìrètí wa sì ń lọ sílẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ wo àwọn míṣọ́nnárì mẹ́ta ayé àtijọ́. William Carey dé Íńdíà ní 1793. Ìparí ọdún 1800 ni Krishna Pal, ará Íńdíà àkọ́kọ́ tó gba ìwàásù rẹ̀ gbọ́, ṣe ìrìbọmi. Robert Morrison dé Ṣáínà ní 1807, ó sì di 1814 kó tó ṣe ìrìbọmi fún ẹni àkọ́kọ́. Adoniram Judson dé Burma, tí à ń pè ní Myanmar báyìí, ní 1813, Maung Nau tó kọ́kọ́ gba ìwàásù rẹ̀ níbẹ̀ sì ṣe ìrìbọmi ní 1819. Oṣù méje yín kò tíì pẹ́.

Ohun tó yẹ ká wò ni iṣẹ́ ọwọ́ wọn láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Wọ́n ń kọ́ èdè, wọ́n ń túmọ̀ Bíbélì, wọ́n sì ń mọ èèyàn. Ní 1801, ọdún tó tẹ̀ lé ìrìbọmi Krishna Pal, Májẹ̀mú Tuntun lédè Bẹ̀ǹgálì jáde. Iṣẹ́ àwọn ọdún tí kò sí nǹkan kan láti kà nínú ìròyìn ni. Ní oṣù kẹta ọdún 1812, iná jó ilé ìtẹ̀wé Carey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Serampore, ní Íńdíà, pẹ̀lú ìwé àfọwọ́kọ ìtumọ̀ tó pọ̀. Omi dànù, agbè ò fọ́: àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò jóná, wọ́n sì fi òjé tó yọ́ rọ lẹ́tà ìtẹ̀wé tuntun. Ẹ má sì rò pé ìrètí àwọn wọ̀nyí kò mì rí. Aya Judson kú ní 1826, ọmọbìnrin wọn kékeré tẹ̀ lé e ní 1827. Ọkùnrin náà kọ́ ahéré sínú igbó, ó gbẹ́ sàréè, ó sì ń jókòó tì í. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò kú, ṣùgbọ́n fún àkókò gígùn kò rí ìtùnú kankan nínú rẹ̀. Ní 1834, ó parí títúmọ̀ odindi Bíbélì sí èdè Burma.

Ní ti ìròyìn, ẹ kọ òdo. Ẹ kọ ọ́ láìfi ọ̀rọ̀ wé e. Ojú ewé kan tó fún oṣù kan. Ẹ sọ ẹni tó ń kọ́ yín lédè àti ibi tí ẹ dé, ẹ sọ ẹbí tó ń gbà yín lálejò, ẹ sọ ohun kan tí ẹ gbìyànjú tí kò bọ́ sí i pẹ̀lú ìdí rẹ̀, kí ẹ wá fi àkòrí àdúrà mẹ́ta kún un. Ìjọ tó bá ka irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ á mọ ohun tí wọ́n máa gbàdúrà lé lórí.

Nígbà tí nǹkan bá sì ń yípadà, ẹ ṣọ́ra fún ìṣirò. Ọwọ́ tí a nà sókè níbi ìwàásù kì í ṣe ìgbàgbọ́. Níbi púpọ̀, èèyàn lè nawọ́ kó má bàa dójú ti àlejò, ẹnì kan náà sì lè nawọ́ fún gbogbo ẹgbẹ́ tó bá wá. Ẹ ka ẹni tó fúnra rẹ̀ padà wá láti kẹ́kọ̀ọ́, kí ìjọ ibẹ̀ sì jẹ́rìí sí i.

Fọ́tò náà ńkọ́? Ẹ má fi ojú ọmọdé tàbí ti onígbàgbọ́ tuntun ránṣẹ́ láìgba àṣẹ òbí tàbí ti ẹni náà. Níbi tí yíyí ẹ̀sìn padà ti lè kó èèyàn sí wàhálà, ẹ má kọ orúkọ, ẹ má kọ orúkọ abúlé. Fóònù máa ń tọ́jú ibi tí a ti ya àwòrán sínú àwòrán náà, nítorí náà ẹ lọ sí ètò kámẹ́rà kí ẹ pa location kí ẹ tó ya ohunkóhun. Ìròyìn tí ẹ fi sínú ẹgbẹ́ WhatsApp ìjọ lè dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ìlú náà kí ilẹ̀ tó ṣú.

ÌSÌN LÉDÈ TÍ MI Ò GBỌ́

Ìbéèrè: Wákàtí mẹ́ta ni ìsìn wọn, mi ò sì gbọ́ ju "Àmín" àti "Halelúyà" lọ. Bí èèyàn tó wà lẹ́yìn odi ló ń ṣe mí. Báwo ni mo ṣe máa rí oúnjẹ ẹ̀mí?

Ìdáhùn: Ẹ béèrè ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n máa wàásù lé lórí ní alẹ́ Sátidé, kí ẹ kà á ní èdè tiyín lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó sùn. Ẹ wá Bíbélì èdè wọn, ẹ ṣí méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ sì máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀ tó bá ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹ kọ́ Àdúrà Olúwa lédè wọn, Mátíù 6:9 sí 13, gbólóhùn kan lójúmọ́. Ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá ẹ máa lè gbà á pẹ̀lú ìjọ, ẹnu tí ẹ fi bá wọn ṣí yẹn á sì ṣe ohun tí ìwàásù mẹ́ta lédè yín kò lè ṣe.

Ohun tó tún ga jù ú lọ ni pé kí ẹ jẹ́ kí wọ́n gbàdúrà fún yín. Ẹ kúnlẹ̀, kí àgbà ìjọ ibẹ̀ gbé ọwọ́ lé yín lórí, kó gbà á lédè tirẹ̀, ẹ má sì bẹ ògbufọ̀ pé kó túmọ̀ rẹ̀. Nínú Róòmù 1:11 àti 12, Pọ́ọ̀lù ní òun fẹ́ fún wọn lẹ́bùn ẹ̀mí, ó sì fi kún un lójú ẹsẹ̀ pé kí àwọn lè jọ gba ìtùnú nípa ìgbàgbọ́ ara àwọn. Ọ̀pọ̀ àwa tí à ń lọ míṣọ́n kì í fetí sí apá kejì yẹn. À ń fúnni títí àpò á fi gbẹ, a ò sì mọ̀ pé àwọn tí a wá fún ní ìrètí ti fi í pamọ́ dè wá.

Bó bá wá kan yín láti wàásù, gbólóhùn kúkúrú kan ni kí ẹ máa fún ògbufọ̀, kí ẹ dákẹ́ kó parí. Ẹ yọ òwe kúrò. Òwe kì í sọdá odò pẹ̀lú ògbufọ̀. Ẹ fi ìwàásù hàn án lọ́jọ́ tó ṣáájú.

ỌMỌ KAN KÚ LỌ́WỌ́ WA

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì ni mí. Wọ́n gbé ọmọ ọdún méjì wá sí ilé ìwòsàn tí à ń bá ṣiṣẹ́, ó ti pẹ́ jù. A gbàdúrà gan-an, ó kú. Ìyá rẹ̀ bi mí pé níbo ni Ọlọ́run tí a wá sọ wà. Mi ò lésì. Mi ò ní títí di òní.

Ìdáhùn: Ẹ kú àmúmọ́ra. Ẹ ṣe dáadáa tí ẹ kò dáhùn. Nínú Jòhánù orí 11, Jésù mọ̀ pé òun máa jí Lásárù dìde, síbẹ̀ ó kọ́kọ́ sunkún. Sáàmù 88 jẹ́ àdúrà tí kò ní ìlà ayọ̀ kankan nípàrí. Ọ̀rọ̀ òkùnkùn ló fi parí, síbẹ̀ ó wà nínú Bíbélì. Ẹ gbà á bó ṣe wà, ẹ má fi "ṣùgbọ́n" kún un. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ lọ sí Sáàmù 13, níbi tí "yóò ti pẹ́ tó" ti wáyé lẹ́ẹ̀mẹrin kí ìgbẹ́kẹ̀lé tó sọ̀rọ̀.

Fún ìyá ọmọ náà, ẹ má ṣàlàyé. "Ọlọ́run fẹ́ràn rẹ̀ jù wá lọ" jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń gún ọkàn bí ọ̀bẹ. Ẹ bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣọ̀fọ̀, kí ẹ sì jókòó pẹ̀lú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jókòó.

Fún yín, kí wọ́n yọ yín kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú fún ọjọ́ kan, ó kéré tán. Ẹ wá ẹnì kan tí ẹ lè sọ ọ́ fún. Kí olórí ẹgbẹ́ má fipá mú ẹnikẹ́ni láti máa ṣàpèjúwe ohun tó rí níwájú gbogbo ẹgbẹ́, torí ìfipá-sọ bẹ́ẹ̀ lè dá kún ọgbẹ́ náà. Bí àlá rẹ̀, ìjáyà òjijì tàbí àìlèjẹun bá ń bá a lọ fún bí oṣù kan, tàbí tó bá ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́ kí ó tó tó bẹ́ẹ̀, ẹ wá onímọ̀ nípa ọkàn. Bí èrò pé kí ẹ kú bá wọlé, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ sọ fún olórí, kí wọ́n má fi yín sílẹ̀ ní ẹ̀yin nìkan.

Bó bá gba pé kí ẹ padà sílé, ẹ padà. Jòhánù Máàkù fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Págà, Ìṣe 13:13, inú sì bí Pọ́ọ̀lù sí i gan-an. Nínú Tímótì Kejì 4:11, Pọ́ọ̀lù kan náà ní kí wọ́n mú Máàkù wá, nítorí ó wúlò fún òun.

Ohun kan wà tí a fẹ́ sọ fún àwọn olórí ẹgbẹ́. Ẹ má jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ẹni tí kò níwèé-àṣẹ ṣe ìtọ́jú tí wọn kò ní gbà kó ṣe nílé. Ìgbàgbọ́ kì í ṣe ìwé-àṣẹ ìṣègùn, ẹ̀bi irú ikú bẹ́ẹ̀ sì máa ń fọ́ ìgbàgbọ́ èèyàn ju ìbànújẹ́ lásán lọ.

ÈMI ÀTI ẸNÌKEJÌ MI NÍ YÀRÁ KÒ SỌ̀RỌ̀ MỌ́

Ìbéèrè: Lórí ta ló máa gbálẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin rèé.

Ìdáhùn: Ìjà ilẹ̀ gbígbá kò sí, àárẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹ jẹun tán kí ẹ tó sọ ọ́. Ẹni kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú márùn-ún láti sọ tẹnu rẹ̀ láìdá a lẹ́nu, lẹ́yìn náà kí ẹ kọ iṣẹ́ ilé sára ògiri pẹ̀lú orúkọ àti ọjọ́. Ẹ yára ṣe é, nítorí ẹnì kejì ni Ọlọ́run sábà máa ń fi ránṣẹ́ ìtùnú. Nínú Kọ́ríńtì Kejì 7:5 àti 6, Pọ́ọ̀lù ní ìjà wà lóde, ẹ̀rù wà nínú, Ọlọ́run sì tù wọ́n nínú: dídé Títù ni ó fi tù wọ́n.

MO TI DÉLÉ, GBOGBO RẸ̀ TI TÚ

Ìbéèrè: Níbẹ̀, Ọlọ́run sún mọ́ mi bí ẹni tó wà nínú yàrá. Oṣù kan lẹ́yìn tí mo dé, inú ń bí mi sí gbogbo èèyàn, Bíbélì mi ti kún fún eruku. Ṣé ìmọ̀lára lásán ni?

Ìdáhùn: Rárá. Níbẹ̀, ètò ló gbé yín ró: ẹ jọ ń jí, ẹ jọ ń gbàdúrà, fóònù kì í dún, àìní sì wà níwájú yín lójoojúmọ́. Ètò náà ló tú. Ẹ tún un kọ́. Ẹ padà sí ìṣẹ́jú 15 àti Sáàmù kan, kí ẹ sì wá ẹnì kan tí ẹ jọ máa ṣe é, torí ẹni tó dá a ṣe kì í sábà kọjá ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìbínú náà wọ́pọ̀. Èèyàn á dé, á rí ọ̀pọ̀ nǹkan tí ilé ń fi ṣòfò, á fẹ́ wàásù fún gbogbo ẹbí. Ẹ mú un rọra. Ẹ múra ìròyìn mẹ́ta sílẹ̀: ti ìṣẹ́jú kan fún ẹni tó ń kọjá lọ, ti ìṣẹ́jú márùn-ún fún ìjọ, àti èyí tó gùn fún ẹnì kan ṣoṣo tó ṣetán láti jókòó gbọ́ yín. Ẹnì kẹta yẹn ni kí ẹ wá kíákíá. Nínú Ìṣe 14:27 àti 28, Pọ́ọ̀lù àti Bánábà kó ìjọ Áńtíókù jọ, wọ́n ròyìn, wọ́n sì bá àwọn ọmọ ẹ̀yìn gbé fún àkókò tí kò kéré. Wọn kò sáré padà sójú ọ̀nà.

Bí ẹ bá ṣèlérí owó fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ nígbà tí ọkàn yín gbóná, ẹ kọ lẹ́tà sí àwọn àgbà ìjọ ibẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó gba ọwọ́ wọn kọjá. Owó tó gba ẹ̀yìn lọ bá ẹnì kan máa ń dá ìjọ sílẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé ara. Bí ẹ bá ń lo mefloquine tàbí doxycycline, ẹ lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn tí ẹ kúrò níbẹ̀. Atovaquone-proguanil jẹ́ ọjọ́ méje. Ibà lè dúró oṣù púpọ̀ kó tó jáde. Bí ara bá gbóná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù mẹ́ta ti kọjá, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì sọ orúkọ ilẹ̀ tí ẹ ti dé kí wọ́n tó bi yín.